Ebi Tí Akíndé Fi Kọ́ Ológbò Níṣẹ́

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Adakplamè, nítòsí Kétu, Félicité ń yan ẹja tó fẹ́ tà, ológbò rẹ̀, Dúdú, sì jókòó ti ààrò, ó ń dúró de tirẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Géraud, ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kútọnú, Dúdú ni obìnrin náà ń bá sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Orí ẹja, awọ ẹja, àkàsà tí wọ́n fi epo pò, kò sí èyí tí Dúdú kì í jẹ. Ikùn rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò a máa yìn ín pé ológbò ilé ọlá ni. Ọlá kẹ̀! Àìsàn ni wọ́n ń yìn.

Ọkọ rẹ̀, Akíndé, jáde láti inú àká pẹ̀lú àgbàdo tí eku ti jẹ.

"Ìyá Géraud, ológbò rẹ ń wo eku níran! Ológbò tó bá yó kì í ṣọdẹ. Ebi ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Géraud, ẹ má fìyà jẹ ẹ́."

"Bí bàbá mi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ó gbé Dúdú sínú àká, ó gbé omi tì í, ó sì ti ilẹ̀kùn pa.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kẹrin, eku ṣì ń sáré kiri, Dúdú sì nà gbalaja. Félicité gbé ẹja sí i lẹ́nu, ó yí imú kúrò. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè.

"Yéè! Mo gbé!" ni Félicité ké.

Wọ́n gun zémì, ọ̀kadà akérò, lọ bá Rachidi, dókítà ẹran ní Kétu. Rachidi fọwọ́ wá egungun ìhà Dúdú títí, kò rí i. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Akíndé sì sọ ọ́.

"Háà, bàbá! Ológbò yín wúwo ju kó lé eku lọ. Bí ológbò tó sanra bá ṣàdédé ṣíwọ́ oúnjẹ, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń dín oúnjẹ rẹ̀ kù, fún oṣù mélòó kan."

"Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti sanra jù?" ni Félicité bi í.

"Ẹ fọwọ́ pa á níhà, màmá. Ó yẹ kí ọwọ́ yín kan egungun rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá wò ó látòkè, ó yẹ kí ìbàdí rẹ̀ fún díẹ̀. Ife kan náà ni kí ẹ máa fi wọn oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì máa bá a ṣeré kó lè sáré."

Rachidi gún un lábẹ́rẹ́, ó sì fa omi sí i lára. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, Dúdú kú lórí itan Félicité.

Akíndé kò lè gbójú sókè. "Ìyá Géraud, dárí jì mí. Èmi ni mo pa á."

"Àwa méjèèjì ni," ni Félicité wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi bọ́ ọ títí tí kò fi lè sáré mọ́. Ẹ̀yin wá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ lójijì."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò nílé, àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ fọwọ́ kan ìhà ológbò tiyín lónìí. Tí ọwọ́ yín kò bá kan egungun, ẹ lọ bá dókítà ẹran kí ẹ tó dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Tó bá sì kọ oúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.