Kọ́kọ́rọ́ Pápá Santa Salome

Ohun tó ká Violeta Bersabe lára jù láàárọ̀ Sátidé yẹn ni bàtà. Bàtà funfun tó fi ń gbá píkùbọ́ọ̀lù ti rin, nítorí òjò ti ń rọ̀ láti àárín ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdíje ẹgbẹ́ gbogbo ẹkùn Bicol ń dúró dè é ní Legazpi. Ó gbé bàtà náà síwájú fáànù, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń yan ẹja. Anselmo ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife kọfí lọ́wọ́, ó ń wo odò.

"Odò yìí ti pọ́n," ni Anselmo wí. "Bó bá ti pọ́n báyìí, omi òkè ló ń bọ̀ yẹn."

"Ọdọọdún ló ń pọ́n."

"Ọdọọdún náà la sì ń sá lọ sí pápá."

Violeta tún yí bàtà náà padà. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ká má purọ́ mọ́ obìnrin yìí, ohun rere ló bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àtọ̀gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà ní kó máa lo ara rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá mú un lọ wo píkùbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi pátákó pẹlẹbẹ gbá bọ́ọ̀lù oníhò kọjá lórí àwọ̀n tó rẹlẹ̀. Kò gba kéèyàn sáré jìnnà, àgbà lè gbá a, ọmọdé lè gbá a, ẹ̀rín sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Santa Salome. Àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́sẹ̀ bí ọmọge. Àwọn bàbá tí kì í kúrò nídìí káàdì lọ ra bàtà. Nígbà tí ẹgbẹ́ ẹkùn wá kéde pé ìlú tí pápá rẹ̀ bá dára jù ni yóò gbàlejò ìdíje ọdún tó ń bọ̀, ọkàn Violeta ò balẹ̀ mọ́.

Pápá kan ṣoṣo ló wà ní Santa Salome, pápá olórùlé tí ìjọba kọ́ sórí ilẹ̀ gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo àdúgbò ló ni ín. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá básíkẹ́tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ìrẹsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àìsùn òkú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sá lọ bí odò bá kún. Violeta bẹ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ bá a kun ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀dà búlúù tó ń dán, wọ́n fi àwọ̀n irin yí ilẹ̀ gíga náà ká nísàlẹ̀, wọ́n ṣe géètì sí i. Violeta fúnra rẹ̀ ló ra àgádágodo.

"Irú èyí," ó sọ fún Kap Dionisio, olórí àdúgbò, "òòlù ò lè fọ́ ọ, ayùn ò lè rẹ́ ẹ."

Kọ́kọ́rọ́ kan kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ Kap. Ṣùgbọ́n Kap jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í lè sọ pé rárá. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀ ẹ́, ó ṣí i fún wọn. Ìyá kan bẹ̀ ẹ́, ìrẹsì dé ilẹ̀. Ni Violeta bá gba kọ́kọ́rọ́ náà padà, ó so gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ó kó wọn sínú báàgì rẹ̀. Kap rẹ́rìn-ín, ó ní ẹrù ti kúrò lórí òun. Bẹ́ẹ̀ lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé pápá yẹn ni ibi ìsádi gbogbo àdúgbò. Ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ tó dákẹ́, òun náà wà nínú ẹjọ́ yìí.

Nígbà tí ọkọ Sidra kú, Sidra wá bá Violeta nílé. Kò ju ìyàwó apẹja lọ, yàrá kan ni gbogbo ilé rẹ̀. Ó pè é ní Manay, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀.

"Manay Violeta, ẹ dákun, ilé wa há. Bí a bá gbé pósí sílẹ̀, àwọn tó wá kí wa ò ní ríbi dúró sí. Ẹ jẹ́ ká lo pápá."

"Sidra, mo bá ọ kẹ́dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àga á ha ọ̀dà ilẹ̀ yẹn, àwọn ẹgbẹ́ sì ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò."

"A ò ní wọ́ àga nílẹ̀, Manay. Gbígbé la máa gbé e."

"Bí mo bá gbà fún ọ, ta ni mo fẹ́ kọ̀ fún?"

Sidra wò ó títí, ó dúpẹ́, ó lọ. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ṣe àìsùn náà lábẹ́ tapólì, òjò ń kán sínú kọfí àwọn àlejò. Violeta lọ kí wọn. Kò pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sátidé yẹn. Bàtà gbẹ, Violeta gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Anselmo na ọwọ́.

"Fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀."

"Fún ta ni?"

"Fún mi. Bí o ò bá fọkàn tán mi, fún Kap."

"Kí n tó dé Legazpi, ìrẹsì á ti kún ibẹ̀. Àbí omi náà fẹ́ gbá píkùbọ́ọ̀lù ni?"

Anselmo rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Omi ò gbá nǹkan kan. Àwa tí omi máa lé ni mò ń sọ."

"Màá ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú," ni Violeta wí, ó sì lọ wọ ọkọ̀.

Nǹkan dára ní Legazpi. Violeta àti ẹnì kejì rẹ̀ borí nínú ayò àkọ́kọ́, wọ́n borí nínú ìkejì. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn aṣojú ìlú kọ̀ọ̀kan dìde sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan Violeta, ó fi àwòrán ilẹ̀ búlúù rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní, "Ẹ wò ó, kò sí ojú ìhà kan níbẹ̀. Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ààrẹ ẹgbẹ́ kéde pé Santa Salome ni yóò gbàlejò. Ayọ̀ gbé Violeta dé ibi tí kò dé rí. Ó mú fóònù jáde láti sọ fún Anselmo, ó sì rí i pé Kap ti pè é, pè é, pè é.

"Manay Violeta, ẹ wá síbí, a fẹ́ ya fọ́tò," ni ààrẹ wí.

Ó lọ. Èyí ló dùn ún jù lẹ́yìn ọ̀la, pé ó kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò, pé ó rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó pe Kap.

"Manay, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Violeta ki ọwọ́ bọ báàgì. Ọwọ́ rẹ̀ kàn án.

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Kap."

"Ní Legazpi?"

"Ní Legazpi."

 Violeta gbọ́ ariwo omi àti ohùn ènìyàn lẹ́yìn Kap. "Omi ti wọ gbogbo ilé tó wà lápá odò. Àwọn àgbà wà lẹ́nu géètì, omi ti dé itan wọn."

"Ẹ fọ́ àgádágodo náà."

"Láti ìgbà tá a ti dé la ti ń lù ú. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ fún wa pé òòlù ò lè fọ́ ọ."

Ààrẹ bi í bóyá nǹkan wà. Violeta ní kò sí. Ojú ń tì í láti sọ ọ́ níwájú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Omi ti gé títì. Ọjọ́ kejì ló tó délé. Gbogbo àdúgbò wà nínú pápá, olówó àti tálákà, ọ̀tá àti ọ̀rẹ́, nítorí òjò ló ń kó adìẹ pọ̀ mọ́ ẹyẹlé. Wọ́n ti fi àdá àti ẹ̀mú ya àwọ̀n irin, ihò ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Violeta mú kọ́kọ́rọ́ jáde níwájú gbogbo ojú. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀, kò wọlé, nítorí wọ́n ti lu àgádágodo náà títí ojú rẹ̀ fi wọ́.

"Ibí la ń gbà, Manay," ni Sidra wí láti inú.

Violeta tẹ̀ ba, ó rá gba inú ihò náà wọlé. Ẹnikẹ́ni ò bú u. Sidra fún un ní kọfí. Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n bú u.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Anselmo ló dúró nínú omi ní gbogbo ọ̀sán yẹn, tó ń gbé àwọn àgbà gba inú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìyá Sidra tí kò lè rìn. Ẹnikẹ́ni ò bá omi lọ. Irin nìkan ló ya Anselmo lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí omi fà, Nọ́ọ̀sì Merlita láti ilé ìlera gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri. "Ẹni tó bá rìn nínú omi yìí, pàápàá tó bá ní egbò, kó wá gba oògùn lónìí. Ìtọ̀ eku ti pò mọ́ omi, ojú egbò ló ń gbà wọ ara. Lẹ́pítò, àìsàn ìtọ̀ eku yìí, ò ṣeé fi ṣeré. Ẹ má dúró dìgbà tí ibà bá dé."

"Bá mi gba tèmi," ni Anselmo wí. "Ẹsẹ̀ mi ò ṣeé tẹ̀ dáadáa."

Violeta lọ. Nígbà tó yọ sí ilé ìlera, ó rí ìlà gígùn, gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu géètì lọ́jọ́ yẹn ló tò síbẹ̀. Ojú tì í láti tò lẹ́yìn wọn. Ó yà sí ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ó ra búrẹ́dì, ó padà sílé.

"Èrò pọ̀ jù," ó ní. "Màá lọ lọ́la."

Ọ̀la dé, ẹrẹ̀ wà nínú ilé tí wọ́n ń kó. Ọ̀tunla dé, Anselmo ní egbò náà ti ń jinná. Nígbà tí ibà wá dé, wọ́n ní iṣẹ́ àṣejù ni. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún bí ẹni tí wọ́n lù, ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ sì dín kù. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ojú náà ti di ofeefee.

"Ṣé ó rìn nínú omi?" ni dókítà béèrè.

"Ó rìn."

"Wọn ò pín oògùn ládùúgbò yín?"

Violeta wolẹ̀. "Wọ́n pín in. Èmi ni mi ò lọ gbà á."

"Mama, bí ibà bá mú ẹni tó rìn nínú omíyalé, tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ pọ́n, kì í tún sùn nílé mọ́. Kíndìnrín ni àìsàn yìí ń bá jà. A máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹ tó wá."

Anselmo la ojú lọ́jọ́ kan, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé wọ́n gbà?"

"Wọ́n gba kí ni?"

"Ìdíje ọdún tó ń bọ̀."

"Wọ́n gbà."

"Ó dáa." Ó sinmi díẹ̀. "Má tilẹ̀kùn."

Kò tún sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó kú kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Violeta ò lè la ẹnu tọrọ pápá. Ó sọ fún Kap pé ilé ni òun yóò ti ṣe àìsùn, bẹ́ẹ̀ òórùn ẹrẹ̀ ò tíì kúrò lára ògiri.  Sidra ló wá.

"Manay, a ti gbá pápá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀."

"Sidra, ojú wo ni kí n fi wọ ibẹ̀? Èmi tí mo lé ọkọ tìrẹ sí títì."

"Mi ò gbàgbé," ni Sidra wí. "Mi ò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n Anselmo ló gbé ìyá mi gba inú ihò yẹn. Òun la fẹ́ ṣe àìsùn fún, kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n gbé Anselmo sí àárín ilẹ̀ búlúù. Gbogbo àdúgbò wá, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń jẹ pansit, núdù tí wọ́n dín, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá fa àga, Violeta ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ha ọ̀dà. Bí ojú bá ń tini tó báyìí, èèyàn a máa wá ilẹ̀ tí yóò lanu. Ilẹ̀ ò lanu. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gbé ọkọ rẹ̀ jáde.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ẹkùn tún pàdé ní Legazpi, ó dìde níbi tó ti gba àtẹ́wọ́ ọjọ́sí, ó sọ gbogbo rẹ̀ láì bo ìkankan, fọ́tò, ìlà oògùn, àìsùn Sidra. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ gba ìdíje lọ́wọ́ Santa Salome, kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ìlú mìíràn ṣe bíi tòun. "A fẹ́ kí eré yìí dàgbà," ó ní, "mo sì gba ilé ìsádi àwọn èèyàn fi tọ́ ọ."

Wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà náà, ẹ̀ka tó bá fẹ́ lo pápá ìlú gbọ́dọ̀ lo àwọ̀n tó ṣeé ká, kó fa ìlà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti básíkẹ́tì, kó sì gbà pé ìrẹsì àti òkú ní ọjọ́ tiwọn. Níbi tí géètì bá wà, kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ilé bíi mélòó kan tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ ní kété tí rédíò bá ti kéde ìjì. Ní Santa Salome, wọ́n yọ géètì náà kúrò pátápátá. Violeta ṣì ń kọ́ àwọn èèyàn ní píkùbọ́ọ̀lù níbẹ̀ láàárọ̀. Bí ìrẹsì bá wà nílẹ̀, ó máa ń dúró kó gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ohun rere tí ẹ dá sílẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ má fi lé ẹlòmíràn síta. Bí omi bá wọ ilé, tí ẹ sì rìn nínú rẹ̀, ẹ yára lọ sí ilé ìlera, kí ìtìjú má dá yín padà lọ́nà, nítorí àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn ìlú yín ńkọ́, ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè ńkọ́? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ibo ni onítọ̀hún máa ń lọ ní ọjọ́ Sátidé? Ẹ lọ bi í lónìí, kí òjò tó ṣú.