Epo Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jí

Inú ń bí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Dosu. Mọ́tò bàbá mi ti kú sí ẹ̀bá títì ní Kankon, epo ti tán nínú rẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìjẹta ni mo ra epo sí i. Mo fi ẹsẹ̀ gbá táyà. Bàtà mi já.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú mọ́," ẹnìkan wí lẹ́yìn mi. "Táyà kọ́ ló jẹ̀bi."

Mo yíjú padà pẹ̀lú èébú lẹ́nu. Ọkùnrin kan ni, lórí ọ̀kadà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti dọ̀tí, kẹ́ẹ̀gì epo kan wà níwájú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èébú náà sì sọnù mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò ní purọ́, eyín rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí.

Ó bu epo díẹ̀ sí mọ́tò náà. Ó ní Dosu lorúkọ òun, òun ni mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi fúrúntù ní Ajara, kò sì jìnnà sí ilé wa. Mo ní Olúbísí ni mí, tíṣà ni mí ní Kankon.

"Tíṣà, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé," ó wí. "Ó ń mu epo bí ẹni pé wọ́n ń sanwó fún un."

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi, Bàbá Akíndé, fi wa mọ́tò fún àwọn ọ̀gá ní Èkó. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló ra mọ́tò Kàrínà yìí fún ara rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, lóṣù kẹrin ọdún yìí, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó sì sunkún. Àfi ọjọ́ tí a sin ìyá mi, mi ò rí i kó sunkún rí.

"Táǹkì kan, lọ-bọ̀ Máìlì Tú ní Èkó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin," ó wí fún mi. "Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mọ́tò mi ti gbó."

Lọ́wọ́ tèmi, táǹkì kan kò tó lọ-bọ̀ mẹ́ta.

Mo gbé e lọ fún Dosu ní Sátidé. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń tún ṣe lẹ́ẹ̀kan. Á kún táǹkì dé ẹnu, á kọ nọ́ńbà tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, èmi á wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó sì tún kún un láti mọ iye tó mu.

"Tí mo bá tún nǹkan mẹ́ta ṣe pa pọ̀, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ̀bi?" ó wí.

Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó tún jẹ́ kí n rí ìdí láti máa padà wá.

Sátidé kan, ó fẹ́ táyà, gbogbo wọn ló ti rọ̀. Èkejì, ó pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Ẹ̀kẹta, ó yọ asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ó gbọ̀n ọ́n, iyanrìn etí òkun sì kún ilẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, ó ní kí n fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ yí. Bíréékì ti há mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi láti bá mi yí i, nígbà tí ó sì yí tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Epo tó ń mu dínkù díẹ̀, kò dínkù tó. Ṣùgbọ́n èmi àti Dosu ti di ti ara wa.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni ó mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí ìyá rẹ̀ ní Topo. Láàárín omi, ó wò mí, ó ní, "Yẹn yiwanna we."

Ajara ni mo dàgbà sí, mo gbọ́ Ègùn dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ní, "Sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó lè dá mi lójú."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Tíṣà mi."

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ẹni tó ń tukọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ dì mọ́ mi, "Mikúàbọ̀, mikúàbọ̀," ó ń kí mi káàbọ̀ bí ẹni pé ó ti ń retí mi tipẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dosu wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dópin.

"Ìwọ lò ń tún mọ́tò mi ṣe láti oṣù tó kọjá?"

"Èmi ni, sà."

"Tí epo rẹ̀ sì ń tán síbẹ̀?" Bàbá mi mi orí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wakọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ki ọ̀pá róbà bọ táǹkì. Ẹni tó ń fa epo mi kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Mo pariwo, mo sunkún. Bàbá wọlé lọ. Òun nìkan ni òbí tó kù fún mi, Dosu sì mọ̀ pé bí Bàbá kò bá súre fún mi, mi ò lè lọ.

"Jẹ́ ká kàn lọ bá ìyá rẹ ní Topo," mo wí pẹ̀lú ìbínú.

"Rárá, olólùfẹ́ mi," ó wí, ó nu ojú mi. "Mi ò fẹ́ kó o di ìyàwó olè."

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kún táǹkì lójú yín. Ẹ jókòó síwájú, Olúbísí á wà á, èmi á wà lẹ́yìn. Ká lọ Máìlì Tú ká bọ̀. Ẹ ó rí i bóyá ẹnìkan fà á."

Bàbá gbà.

Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. A ti wakọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan nígbà tí Bàbá ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Bísí, tan híítà yẹn. Òtútù ń mú mi."

Mo tàn án. Atẹ́gùn tútù ló jáde. Dosu na ọrùn láti ẹ̀yìn wá wo gééjì ooru. Ọwọ́ gééjì náà ń sùn nísàlẹ̀ pátápátá.

"Tíṣà, ṣé ibẹ̀ ló máa ń wà?"

"Ibẹ̀ ni. Ṣebí kí mọ́tò má gbóná ló dáa?"

"Dúró! Jọ̀ọ́, dúró."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú òjò. Omi ẹ́ńjìnnì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ó tú nọ́ọ̀tì méjì, ó ṣí ibi kékeré kan, ó sì pè mí. Òfo ni ibẹ̀.

"Nǹkan kan yẹ kó wà níbí, tẹ́mósítáàtì. Òun ló ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi móoru. Wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì yìí rò pé ìdájí ni ní gbogbo ìgbà, epo ló fi ń yáná."

Róbà àwọ̀ ewé kan ni wọ́n gé tí wọ́n fi dí etí ibẹ̀ kó má baà jò. Mo mọ róbà yẹn. Dosu náà wò ó, ó sì yọ́jú wo ẹsẹ̀ bàbá mi nínú mọ́tò. Sílípáàsì àwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀, wọ́n ti gé gìgísẹ̀ ọ̀kan.

Dosu fi róbà náà sí àpò.

"Kí lẹ rí?" Bàbá bèèrè.

"Ẹnìkan yọ nǹkan kan kúrò, sà. Kò mọ̀ ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ náà máa ń yọ ọ́ tí mọ́tò bá ń gbóná."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ ẹni náà, Bàbá."

Mo ti fẹ́ràn Dosu tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn, nínú òjò, mo mọ̀ pé mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn láyé.

A yí padà sílé. Bàbá wọ yàrá lọ. Agolo mílíìkì ló mú jáde, ó sì yọ ohun roboto kan nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ Dosu.

"Ó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́ lóṣù kẹta," ó wí. "Mo yọ ọ́. Bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tiwa nìyẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi kó kọ́kọ́rọ́ fún Bísí." Ó tẹjú mọ́ Dosu. "Mo rí ọ nígbà tí o wo bàtà mi. Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ bí Olúbísí, sà."

Bàbá wúkọ́, ó kọjú sí ògiri.

Dosu ní kí n gbé omi kaná. Ó ju nǹkan náà sínú ìkòkò, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí omi ń hó, ẹnu tẹ́mósítáàtì náà rọra là.

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́," Bàbá wí. "Lọ fi sí i. Kí o sì sọ fún àwọn èèyàn rẹ ní Topo pé mò ń retí wọn."

Ọjọ́ tí wọ́n wá mọ̀ wá, Bàbá ní dandan, kí n fi Kàrínà gbé òun lọ pàdé wọn ní etí omi. Nígbà tí a délé, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, Bàbá bọ́ síwájú wọn.

"Mo pe ọmọ yín lólè," ó wí fún ìyá Dosu. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba mọ́tò mi jẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Dosu ti dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó fà á dìde, ó sì fi ọwọ́ mi lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ-bọ̀ Máìlì Tú, táǹkì kan," ó wí. "Tọ́jú àwọn méjèèjì fún mi."