Àwọn Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí ní Ilé Bámgbóyè

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Dókítà Ayọ̀mípọ̀sí tẹ orúkọ Ọláyẹmí Bámgbóyè sínú kọ̀ǹpútà ilé-ìwòsàn rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, kọ̀ǹpútà sì ní òun kò rí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ìdáhùn kan náà ló jáde. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó ni orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń bẹ lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kejì, ìfun rẹ̀ lọ́ mọ́ra, ó ń kérora. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìkẹ́rẹ́, pàápàá jù lọ àwọn tó ti gba èébú lẹ́nu rẹ̀ rí, wọ́n sì pọ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà á là, kò sì gbọdọ̀ di ọ̀la. Ohun tó ń da dókítà láàmú ni pé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fún bàbá ní abẹ́rẹ́ amúnisùn ní ilé-ìwòsàn yìí kan náà, abẹ́rẹ́ náà kò bá ara rẹ̀ mu, díẹ̀ ló kù kó gba ibẹ̀ lọ. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ nígbà náà kọ orúkọ abẹ́rẹ́ ọ̀hún sínú káàdì rẹ̀ kó tó kó ẹrù lọ sí òkè òkun. Ìyàwó bàbá tó dúró tì í lọ́jọ́ náà ti di olóògbé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n da gbogbo káàdì àtijọ́ kọ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kó káàdì náà sí yàrá kan lẹ́yìn ilé. Ìjì ṣí òrùlé yàrá ọ̀hún, òjò sì sọ káàdì di ẹ̀kọ. Kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tó mọ abẹ́rẹ́ tó lè pa bàbá.

Pius, àkọ́bí bàbá, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ tààrà, ó ní wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ bàbá òun rẹ́, òun sì mọ ẹni tó ṣe é.

Bí ọ̀ràn náà ṣe dé ọwọ́ Inspẹ́kítọ̀ Kàsímù Gbádébọ̀ nìyẹn. Ọmọ Ìṣẹ̀ ni Kàsímù, ó sì ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé kò sí ará Ìkẹ́rẹ́ tó lè sọ̀rọ̀ kúkúrú. Nítorí náà, ó máa ń dákẹ́ títí wọn yóò fi sọ ohun tí wọn kò fẹ́ sọ. Ọ̀nà yìí ti bá a mú ọ̀daràn púpọ̀, kò tilẹ̀ ná an ju ẹ̀pà tó ń jẹ lọ.

Nígbà tó dé yàrá àkọsílẹ̀, ó bá Tósìn, akọ̀wé tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, níbi tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni tí wọ́n ti dájọ́ fún. Pius na ìka sí i.

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Pius wí. “Ọmọkùnrin yìí ń fẹ́ Lọ́lá, àbúrò mi. Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá lé e jáde nulé wa. Lónìí, a wá bàbá tì.”

Kàsímù bi Tósìn bóyá òótọ́ ni. Tósìn ní òótọ́ ni pé wọ́n lé òun, bàbá tilẹ̀ fi òun wé alángbá tó ń yọ́ wo ọbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni.

“Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, sà,” ó wí. “Ṣùgbọ́n bàbá kò ní ọjọ́ kan tí wọn yóò fi dúró de òtítọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Kàsímù lára. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí Tósìn ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ènìyàn. Tósìn ní kì í ṣe pé ó ń ka gbogbo àkọsílẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ nígbà tí a bá bi í. Ó ti ṣa gbogbo orúkọ inú wọn sínú atọ́ka kan, bí èyí tó wà lẹ́yìn ìwé orin ìjọ. Bí a bá tẹ orúkọ, inú atọ́ka yẹn ló ń wò.

“Bí ènìyàn bá wá pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́ ńkọ́? Kí ni yóò kù níbẹ̀?”

Tósìn ní nọ́ńbà ni yóò kù. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, kọ̀ǹpútà kì í sì í fi nọ́ńbà ẹni tó lọ fún ẹlòmíràn. Dókítà fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, kí Pius má baà ní Tósìn ń fi ọwọ́ bo nǹkan. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà fi àwọn nọ́ńbà tó fò hàn. Kò sí ìkankan tó fò.

“A jẹ́ pé wọn ò pa bàbá rẹ́,” Kàsímù wí. “Bàbá wà nínú ẹ̀rọ yìí. Wọn ò kàn dáhùn ni.”

Pius ní bí ó bá wà níbẹ̀, kí wọ́n máa ka àwọn àkọsílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà mi orí. Káàdì gbogbo ìlú láti ọdún gbọọrọ ló wà nínú rẹ̀, bàbá yóò ti kú kí wọ́n tó kà á dé ìdajì.

Tósìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tó lè fà á. Ó ní nígbà míì, atọ́ka máa ń gbàgbé láti kó àkọsílẹ̀ tuntun mọ́ra. Kàsímù ní kí wọ́n kọ òun sílẹ̀ bí aláìsàn, kí wọ́n ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n wá a, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Kàsímù Gbádébọ̀ jáde pẹ̀lú orí fífọ́ rẹ̀. Wọ́n wá àwọn tó ti wà nínú káàdì àtijọ́, àwọn náà dáhùn. Wọ́n tẹ orúkọ bàbá pẹ̀lú àmì ohùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, kò sí ìyàtọ̀. Ara atọ́ka yá.

“Ẹ tẹ Bámgbóyè nìkan,” Kàsímù wí.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀olúwa, àkọ́bí Pius, jáde. Àwọn àbúrò rẹ̀ náà jáde, pẹ̀lú ibà àti ikọ́ ìgbà èwe wọn. Àwọn ọmọ Pius nìkan ni wọ́n. Kàsímù ní kí wọ́n wá Lọ́lá, tó ti fi ẹsẹ̀ gún ìṣó rí tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò rí Lọ́lá. Ó ní kí wọ́n wá Pius fúnra rẹ̀, ẹni tí ibà ti gbé dùbúlẹ̀ níbẹ̀ nígbà kan. Wọn kò rí Pius.

“Ó ti pa èmi náà rẹ́!” Pius fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ bí ẹni pé kó lè mọ̀ bóyá òun ṣì wà. Bí kò bá ṣe ti aláìsàn tó wà nítòsí, ẹ̀rín ni dókítà ì bá rín.

Kàsímù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dákẹ́ ìdákẹ́ rẹ̀ yẹn. Ó wá rọra bi Pius, èwo ló dàgbà jù nínú Lọ́lá àti Ìmọ́lẹ̀olúwa. Pius ní bí ẹgbẹ́ ni wọ́n rí, inú àwo kan náà ni wọ́n ti jẹun dàgbà. Ọmọ ọwọ́ ni Lọ́lá lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun, ẹ̀yìn ìyá àwọn ló wà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí Ìmọ́lẹ̀olúwa.

“Ìyàwó yín ńkọ́? Uṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe?”

Pius ní ó ti ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní káńsù rí. Ní báyìí, ó wà ní Ìjàn níbi tí Ìmọ́lẹ̀olúwa ti bímọ, ó ń wẹ ọmọ. Wọ́n ti ń pè é láti àárọ̀, iná kò sí níbẹ̀, fóònù rẹ̀ ti kú. Kàsímù yíjú sí dókítà, ó bi í ta ló da àwọn káàdì kọ lọ́dún tó kọjá. Dókítà ní àwọn bíi mélòó kan tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni wọ́n bẹ̀, kí Tósìn tó gba iṣẹ́. Ló bá yíjú wo Pius.

“Ìyá Ìmọ́lẹ̀ wà nínú wọn,” Pius wí. “Ọ̀gá, ṣé ìyàwó mi lẹ wá ń fura sí? Obìnrin yẹn fẹ́ràn bàbá ju èmi ọmọ lọ.”

“Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura,” Kàsímù wí, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ó gba Adó kọjá, ó já sí ọ̀nà Ìjàn, kò sì jẹ ẹ̀pà kan lójú ọ̀nà. Ó bá Florence, ìyàwó Pius, lórí àpótí lẹ́yìn ilé, ọmọ tuntun wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi òrí ra á lára. Bó ṣe gbọ́ pé bàbá ọkọ òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọmọ fún Ìmọ́lẹ̀olúwa, ó dìde láti wá bàtà. Kàsímù ní kó jọ̀ọ́ kó jókòó. Ó pe dókítà lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo àwọn tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ lè máa gbọ́.

“Mà, kí lorúkọ bàbá ọkọ yín?”

“Bàbá ni.”

“Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ńkọ́?”

Florence wò ó títí, ó bi í bóyá ó ní ìyàwó nílé. “Ẹni tí mo bá nulé, kí n la ẹnu pè é lórúkọ? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀.”

“A jẹ́ pé ẹ ò ní fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ náà,” Kàsímù wí.

Ó wá sún mọ́ Florence, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀.

“Mo ro ó báyìí, mà. Ẹni tó kórìíra bàbá kò ní mú Bàbá Ìmọ́lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó ń fẹ́ Lọ́lá kò ní pa Lọ́lá rẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ba ilé Bámgbóyè jẹ́ kò ní yọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Lọ́lá sọnù, Ìmọ́lẹ̀olúwa kò sọnù, bẹ́ẹ̀ ọdún kan ló wà láàárín wọn. Mo bi ara mi, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ọdún yẹn? Ìyàwó wọlé ni. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹni tí ìyàwó fúnra rẹ̀ bí, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ọ̀tá kan kò lè pa irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ẹ fún wọn ní orúkọ tí ẹ̀yin ń pè wọ́n, ẹ ò sì fi orúkọ ìdílé sí i.”

“Ta ló ń so orúkọ ìdílé mọ́ orúkọ tí ìyàwó ń pe ọkọ?” Florence wí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu. “Ọwọ́ mi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sí, mo rò pé n óò máa wà nítòsí láti sọ ohun tí mo kọ. Yéè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀wọ̀ pa bàbá.”

“Wọn ò tíì kú. Kí lẹ kọ?”

Ó bojú wo fóònù bí ẹni tí ojú ń tì. “Olójú-àánú,” ó wí. “Bàbá Olójú-àánú ni mo kọ.”

Ohùn Pius jáde láti Ìkẹ́rẹ́: “Bàbá tèmi yìí?” Tósìn ti ń tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ igbe Tósìn, dókítà sì ka orúkọ abẹ́rẹ́ náà sókè, ó ní abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni òun ti fà sínú síríńjì tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn, ó ń sáré lọ.

Wọ́n wá àwọn tó kù nígbà tó yá. Adúmáadán ni Lọ́lá. Olówó-orí-mi ni Pius, ó sì ka èyí títí bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Tósìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà gùn bí ti gbogbo ará Ìkẹ́rẹ́.

Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń padà, Kàsímù kò lè pa á mọ́ra. Ó bi Florence níbo ló ti rí àánú lójú bàbá tó bú gbogbo ìlú tán. Florence ní ọmọ kejì tí òun bí kò dúró. Àwọn obìnrin àdúgbò wá, wọ́n ń sọ̀sọkúsọ lẹ́nu ọ̀nà, pé ẹsẹ̀ òun ló gbé e wá. “Bàbá bú wọn títí wọ́n fi sá. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń bú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ mi sí burúkú. Láàárọ̀, wọn óò sun uṣu, wọn óò gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn mi, wọn ò ní sọ nǹkan kan.” Ó nu ojú. “Níwájú wọn, ‘Bàbá’ ni mo ń pè wọ́n. Èyí tí mo kọ yẹn, mi ò pè é sí wọn létí rí.”

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Nígbà tí bàbá lè fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, Tósìn wọlé tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, ó ní òun fẹ́ tún àkọsílẹ̀ ṣe, orúkọ wo ni kí òun fi síbẹ̀. Pius ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Florence wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò gbójú sókè.

Gbogbo wọn rò pé èébú ló ń bọ̀.

“Kọ Ọláyẹmí, kí dókítà lè rí mi,” bàbá wí. “Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ pa tìyàwó mi rẹ́. Èyíkéyìí tí wọ́n bá fi wá mi, kó gbé mi jáde.” Tósìn ní ó ṣeé ṣe, òun lè so méjèèjì pọ̀ nínú atọ́ka.

Bàbá yí orí sí Florence. “Ìyàwó, pè é kí n gbọ́.”

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Bàbá kò kánjú, ó ń dúró dè é. Florence gbé ojú sókè, ó fi ohùn kékeré pè é: “Bàbá Olójú-àánú.”

Bàbá na ọwọ́, ó gbé e lé e lórí.

“Mo wà níbí,” ó wí.