Kápẹ́ńtà àti Agbẹjọ́rò Ìjọba

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Akínkúnmi ṣe rí aya ní ilé ẹjọ́, kó fi òwe yìí sọ́kàn.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Julianah Ògúnlẹ́yẹ ní kóòtù Òṣogbo. Ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ṣọ́ọ̀bù tí Akínkúnmi ti ń ṣiṣẹ́ kápẹ́ńtà ní Òkè Baálẹ̀ pé àwọn máa wó o, ọ̀nà máa gbabẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ló bá pẹjọ́.

Julianah ni agbẹjọ́rò ìjọba. Adúmáadán, ọmọ Obòkun, ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká! Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ro ẹjọ́, òógùn bo agbẹjọ́rò Akínkúnmi.

Nígbà tí kóòtù tú, Akínkúnmi na agboòrùn sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, lọ́yà, ẹ wá sábẹ́ ẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹjọ́ wa ò tíì parí."

Ó sì gba inú òjò lọ. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti kó sí Akínkúnmi lọ́kàn.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ní, "Iṣẹ́ kóòtù kọ́ ni láti yan ibi tí ọ̀nà máa gbà. Ohun tí mò ń wò ni bí ìjọba ṣe dé orí ìpinnu wọn. Wọn ò gbọ́ tẹnu oníṣọ́ọ̀bù. Mo fagi lé ìpinnu náà. Ẹ lọ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ tó pinnu."

Ìjọba gbọ́ tirẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì yẹ ọ̀nà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà yẹn ni Julianah tó gbà kí òun àti Akínkúnmi pàdé ní Òkè Fíà.

"Ṣé bí kóòtù ṣe ń yẹ iṣẹ́ ìjọba wò ní gbogbo ayé nìyí?" Akínkúnmi bi í.

"Rárá o. Àwọn Faransé ya kóòtù sọ́tọ̀ fún ẹjọ́ ìjọba. Tiwa jọ ti Gẹ̀ẹ́sì: adájọ́ kan náà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ gbèsè ló ń yẹ iṣẹ́ ìjọba wò."

"Ẹjọ́ ọkàn tèmi ńkọ́, ta ló máa gbọ́ ọ?"

Julianah rẹ́rìn-ín. "Kápẹ́ńtà ẹlẹ́nu dídùn! Ẹ kó ẹlẹ́rìí wá ná."

"Ojú mi nìyí, olólùfẹ́. Ẹ wò ó."

Ìfẹ́ wọn ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n òfófó ti ṣáájú wọn dé ilé bàbá Julianah ní Iléṣà, pé Julianah ta ẹjọ́ ìjọba nítorí ọkùnrin. Bàbá rẹ̀, alàgbà ìjọ Àpọ́sítélì, fárígá.

"Mi ò ní fi ọmọ fún un! Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ."

"Bàbá mi, ti àwọn olófòófó nìkan lẹ gbọ́," ni Julianah wí. "Ẹ gbọ́ ti Akínkúnmi ná. Bí ẹ bá tún ní rárá lẹ́yìn náà, mo gbà."

Bàbá wọ yàrá lọ gbàdúrà. Nígbà tó jáde, ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà.

Bí Akínkúnmi ṣe dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá.

"Ìgbà wo ni ìwọ àti ọmọ mi di ọ̀rẹ́?"

"Lẹ́yìn ìdájọ́ ni, sà. Nígbà tí ẹjọ́ wà nílẹ̀, bí mo bá kí i, àfi bí ẹni kí ògiri. Ó tún pè mí ní alágídí lójú adájọ́. Bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ nìyẹn, sà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí ìjà rẹ̀."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Bí ìyá rẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn! Dìde, ọmọ mi." Ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, Julianah? Kí lo fẹ́?"

Julianah kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Akínkúnmi.

"Ẹ súre fún wa, bàbá mi."