Ojú Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Àwòṣífìlà ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sọ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi orúkọ náà dá a lọ́lá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ iṣẹ́ ọnà.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó máa fi iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àwòrán wọn kọ́ sára ògiri kí olùkọ́ lè yẹ̀ wọ́n wò, á káwọ́ sẹ́yìn, á yọ ṣùtì. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹṣin nìyí àbí àga tẹ́sẹ̀ ẹ̀ rọ?" Ọmọbìnrin tó ya ẹṣin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ẹ̀rín ni Àwòṣífìlà ń rín.

Ẹni tó fojú tẹ́ńbẹ́lú jù ni onígbàgbọ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tó ń pè ní Pásítọ̀. Ìyá Pásítọ̀ ti kú, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan tó kù. Nítorí náà Pásítọ̀ fi ọ̀dà olóròóró ya ojú rẹ̀ láti inú ìrántí, ó sì gbé e pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí kò mọ ìyá wọn rárá, ló fẹ́ gbé e fún.

Ìdánwò àṣekágbá dé. Ọ̀gbẹ́ni wa kò tíì ya nǹkan kan. Ọtí àti oorun ló fi gbogbo sáà náà ṣe. Kò tiẹ̀ ní aṣọ tí yóò yàwòrán sí. Ó yọjú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí ìyá oníìyá, ó sì fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. "Màá wá aṣọ míì fún un tó bá yá," ló sọ lọ́kàn rẹ̀. Ó da àwọ̀ rúdurùdu lé e lórí, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní "Òtítọ́." Ẹ ò rí ojú burúkú!

Ọ̀dà olómi tó lò kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà olóròóró. Ọ̀dọ̀ oorun ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní ìyẹn. Nígbà tí olùkọ́ àgbà fi máa dé iwájú àwòrán náà, igun rẹ̀ ti ń ká. Olùkọ́ náà fi èékánná kàn án. Ọ̀dà ṣí. Ojú kan yọ, lẹ́yìn náà ètè.

"Màámi!" Pásítọ̀ ló ké bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ya èyí tó wà lábẹ́?" olùkọ́ béèrè.

Àwòṣífìlà, tẹ́nu rẹ̀ ń tàbùkù gbogbo ayé, nawọ́ sí Pásítọ̀. Ọmọbìnrin ẹlẹ́ṣin ń wò ó. Odo ni wọ́n fún ọ̀gbẹ́ni wa, wọ́n ní kó tún ọdún náà ṣe.

Nínú yàrá, ó bá Pásítọ̀ nílẹ̀ tó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣí ìyókù ọ̀dà náà. Ọ̀lẹ kò jẹ́ kí olè yìí fi sáńpépà ha ojú àwòrán kó tó kùn ún, èyí tí ì bá jẹ́ kí ọ̀dà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀lẹ yẹn ló yọ ìyá inú àwòrán náà.

"Ṣé o ò ní bú mi ni?"

"Inú ń bí mi gan-an. Àmọ́ èmi náà ti hùwà burúkú rí, Jésù sì dárí jì mí. Mo dárí jì ẹ́. Jókòó, bá mi ṣí etí ọ̀tún yìí." Nígbà tó ṣe díẹ̀, Pásítọ̀ tún ní, "Gbogbo yẹ̀yẹ́ tó ò ń ṣe, ọ̀dà ni. Jésù ò ní bá ẹ kùn ún. Ó fẹ́ wẹ̀ ẹ́ mọ́ ni."

Àwòṣífìlà jókòó, ó bá a ṣí i. Nígbà tí ojú ìyá náà jáde tán, ó kúnlẹ̀ láàárín èèpo ọ̀dà. "Olúwa, èèyàn burúkú ni mí, mo sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ṣàánú mi." Lọ́jọ́ kejì ó ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó sì lọ bẹ ọmọbìnrin tó pa lẹ́kún.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tó ń fi í rẹ́rìn-ín? Aṣọ ìsìn tó ò ń wọ̀, ọrẹ tó ò ń dá lójú èèyàn, ẹnu dídùn yẹn: kí ló wà lábẹ́ wọn? Èékánná olùkọ́ ló kan tirẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́run ni yóò kan tìrẹ, lójú gbogbo ayé. Igun rẹ̀ ti ń ká báyìí, o sì mọ̀. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà. Jẹ́ kí Jésù ṣí i lónìí, kó sì wẹ̀ ọ́ mọ́.