Gọ́ọ̀mù Inú Irun Àsíátù

Òòyà Àbẹ̀ní kọ́ gọ́ọ̀mù gbígbẹ láàárín orí Àsíátù oníbàárà rẹ̀, ó sì mọ ìka tó fi í síbẹ̀.

Ìka Olúkúnlé ni. Lọ́gbẹlẹ̀ tó kọjá ni ọmọ Fìdítì náà bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní Ìlorà, tó jókòó láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ń dirun bí ẹni tí kò mọ ìtìjú, tó ní kí Àbẹ̀ní kọ́ òun bí a ṣe ń ya irun. Ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń kọ ìgbì ọpọlọ aláìsàn sórí bébà. Wáyà ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ kan awọ orí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

"Àwọn obìnrin ń pariwo bí mo bá ń ya irun wọn," ló wí.

Àbẹ̀ní rẹ́rìn-ín títí. Ó kọ́ ọ, ìfẹ́ sì wọ àárín wọn.

Àfìgbà tí Àbẹ̀ní gbọ́ pé aláìsàn gbọ́dọ̀ sùn níwájú ẹ̀rọ náà ni owú dé. "Ìka tí mo kọ́ lo fi ń ra obìnrin olóbìnrin lórí títí yóò fi sùn? Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, tàbí kí o fi mí sílẹ̀!"

Òní ni Olúkúnlé wá gbọ́ bóyá Àbẹ̀ní ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ìyá Àbẹ̀ní.

Gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì rèé lórí arẹwà. Àbẹ̀ní di irun náà le dandan.

"Yéè! Rọra, ọmọ yìí!"

"Ẹni tó fẹ́ ṣùkú á fara dà á. Ta ló lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ yín lórí?"

"Ọ̀gbẹ́ni kan n'Ìbàdàn. Ìwárápá ló ń ṣe mí. Àwọn onídìrí Akínmọ̀ọ́rìn kì í fọwọ́ kàn mí mọ́. Òun ló ní kí n wá bá ìwọ Àbẹ̀ní, pé o ò ní lé mi."

Ọwọ́ Àbẹ̀ní dúró. "Ó jókòó tì yín nígbà tẹ́ ẹ sùn?"

"Ọkọ mi ló jókòó tì mí. Ẹ̀rọ ni ọ̀gbẹ́ni náà ń wò. Ó ní bí mo ṣe ń tòògbé ni ìgbì náà ń falẹ̀. Nígbà tí oorun wọra, ó ga bí ebè iṣu, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ibi tó ti fò ṣóńṣó ni wọ́n ti rí àrùn náà. Ó ní bí ìrora bá jí mi, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Pé ìwọ lo kọ́ òun kí ọwọ́ rọ̀."

Ojú ti Àbẹ̀ní. Ó tú gbogbo èyí tó fi owú dì, ó fi omi rẹ gọ́ọ̀mù náà, ó yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ṣùkú tó parí, Àsíátù ti sùn lọ sí i nítan.

Àbẹ̀ní rọra jí i, ó gbọn ìró rẹ̀, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olúkúnlé fò dìde.

"Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

"Ta ló tún ń sọ ìyẹn? Lọ sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n wá tọrọ mi. Ṣùgbọ́n orí tèmi, ìwọ ni yóò máa yà á. Owú mi ò tíì kú o."

Ó ki òòyà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́.