Ohun Tí Tinúkẹ́ Kò Sọ fún Hàlímọ̀

Tinúkẹ́ ò lè jókòó. Ó yọjú lójú fèrèsé ọ́fíìsì wọn ní Èrúwà, ó wo ọ̀nà Lánlátẹ̀, kò rí ẹnì kankan. Ọjọ́ kẹta rèé tí Hàlímọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láwọn abúlé, ó sì yẹ kó ti dé.

Ọ̀gbẹ́ni Zachariah, ọ̀gá wọn, ló ń gba àwọn èèyàn síṣẹ́ láti kọ iye ọmọ tí nọ́ọ̀sì yóò gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀. Lọ́dún 1969 yẹn, ẹni mẹ́rin ló ti gba iṣẹ́ náà tí wọ́n sì sá lọ. Ọ̀gá wá pe Tinúkẹ́. "Wá ẹni tí yóò dúró. Má sì fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà á. Bí ẹni karùn-ún bá lọ, ìwọ náà á gba ilé lọ."

Ìbẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú kó lọ bá Hàlímọ̀ pé, "Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ìwé àti bírò, ó parí." Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ni kò mọ̀ ní Ìbàràpá pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ lé òun náà jáde lábúlé méjì rí, kó tó rí ọgbọ́n kan dá sí i. Kò sọ ìkankan.

Nígbà tí Hàlímọ̀ wọlé, aṣọ rẹ̀ tutù, ìwé rẹ̀ rin gbingbin.

"Ìyá àgbà kan ló da omi ìfọṣọ lé mi lórí," ó ń sunkún. "Mo ní, 'Màmá, ọmọ mélòó ló wà nílé yìí?' Mo wá ń nàka sí wọn, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n kú ni! Tinúkẹ́, ṣé o mọ̀ pé báyìí ni?"

Tinúkẹ́ ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Kì í ṣe omi ló dùn mí. Ìwọ lo rán mi lọ síbẹ̀."

Hàlímọ̀ yíjú sí ẹnu ọ̀nà, àṣé Ọ̀gbẹ́ni Zachariah ti dúró síbẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tinúkẹ́ kọjú sí i.

"Sà, àwọn mẹ́rin tó lọ yẹn ò sá fún iṣẹ́. Àwa la ò sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́, kí n sì máa bá ẹni tuntun lọ fún ọ̀sẹ̀ kan."

Ọ̀gá ní, "Bó o bá sọ ọ́, ta ni yóò gba iṣẹ́ náà?"

"Ẹ jẹ́ ká bi Hàlímọ̀."

Tinúkẹ́ wá sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọgbọ́n tó dá. Igbá ló máa ń gbé kalẹ̀, kí ìyá kọ̀ọ̀kan ju hóró àgbàdo kan sí i fún ọmọ kan. Àgbàdo ló ń kà, kò ka ọmọ ẹnikẹ́ni.

Hàlímọ̀ nu ojú. "Ká ní o ti sọ èyí fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ǹ bá má sunkún rárá." Ó wo ọ̀gá, ó wo Tinúkẹ́. "Ó dáa. Lọ́la, ìwọ lo máa ṣíwájú wọ ilé ìyá yẹn. Bó bá tún da omi, ìwọ ni kó kọ́kọ́ bà."

Ọ̀gá gbà bẹ́ẹ̀. Hàlímọ̀ lo ọdún mẹ́ta nídìí iṣẹ́ náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí a fi irọ́ pè síṣẹ́, ọjọ́ tó bá rí òótọ́ ni yóò sá. Ẹ sọ ibi tó le fún un, kí ẹ sì bá a dé ibẹ̀.